Ìró, Àpótí àti Ìbàdí Tó Kán

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ọmọ tó ń tọ́jú òbí, ẹ kú ìjókòó. Ìgbà tí dókítà bá ti to eegun tán, tí màmá ti ń rọra tẹsẹ̀ nílẹ̀, ni iṣẹ́ àwa occupational therapist, àwa tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa dá iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ṣe, máa ń gbóná.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá ẹni ọdún 74 kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, eegun itan kán létí ìbàdí, dókítà sì pààrọ̀ orí eegun náà. Mo bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín?"

"Mo lè wẹ̀ dáadáa."

Ọmọ wọn obìnrin mirí. "Ẹ má dá wọn lóhùn, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn."

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Màmá ń sọ ohun tí wọ́n lè ṣe bó bá di dandan, ọmọ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láràárọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ẹnu lásán yẹ ènìyàn wò. Ẹ ṣe é kí n rí i.

Ìwé òṣùwọ̀n tí a fi ń wo ohun tí ènìyàn lè dá ṣe fúnra rẹ̀ wà lóòótọ́. Nígbà tí Sidney Katz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àwọn àgbà tí ìbàdí wọn kán wà lára àwọn tí wọ́n wò. Wọ́n kíyè sí i pé oúnjẹ jíjẹ máa ń tètè padà, ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ ló ń kẹ́yìn. Òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́n ń pè ní Barthel, tó jáde ní 1965, ń fúnni ní máàkì títí dé 100, àmọ́ àwọn tó ṣe é kìlọ̀ pé ẹni tó gba 100 lè má tíì lè dá gbé.

Kò sí èyí tó béèrè nípa ìró nínú wọn. Ọwọ́ méjì la fi ń ró aṣọ, màmá sì ní láti fi wọ́kà, irin tí wọ́n ń dì mú rìn, sílẹ̀ kí wọ́n tó ki etí ìró bọ inú. Ibẹ̀ lara ti ń mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ró o, tàbí kẹ́ ẹ rán rọ́bà sí i. Bó bá jẹ́ pátá, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ni yóò kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni yóò kẹ́yìn jáde.

Àpótí ìdáná ni mo kórìíra jù. Ẹni tó bá jókòó sí i, orúnkún rẹ̀ á ga ju ìbàdí lọ. Bí dókítà bá sì ti ní kó má tẹ ìbàdí kọjá dígírì 90, oríkèé tuntun yẹn lè yẹ̀. Ṣáláńgá ńkọ́? Bákan náà. Àga gíga tó lápá la fẹ́, ká sì gbé korobá omi ka orí àga mìíràn nígbà ìwẹ̀.

Ilé ìdáná ni mo yẹ̀ wò kẹ́yìn. Màmá gbé omi kaná, wọ́n po ògì, ó ki dáadáa. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa gbé e dé tábìlì, ọwọ́ méjèèjì sì wà lórí wọ́kà. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n pe ọmọ wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a gbé àga kan sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ògì wọn.