Òru Tí Omi Wọ Ogójì Ilé: Ìdí Tí Adójútòfò Fi Ń Sá

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Lugbe, Abuja)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó.

Ká ní ọgọ́rùn-ún ni wá nínú ẹgbẹ́ yìí, tí kálukú ń dá ₦20,000 lọ́dún nítorí ẹni tí nǹkan bá ṣe ilé rẹ̀. ₦2,000,000 ló wà nílẹ̀. Ìjì ṣí páànù ilé ìyá kan, a gbé owó fún un, ó tún ilé rẹ̀ ṣe, ẹgbẹ́ ń lọ. Ó wá di òru ọjọ́ kan, omi wọ ogójì ilé. Ẹ bá mi pín in: kódà ká ní ₦2,000,000 ọ̀hún ṣì pé, ₦50,000 ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ni ₦50,000 fẹ́ ṣe fún ilé tí ògiri rẹ̀ ti wó? Lọ́dún kejì, ẹni tó ń gbé lórí òkè Mpape á ní òun ò dá mọ́.

Bí iṣẹ́ adójútòfò (insurance), àwọn tí à ń sanwó fún kí wọ́n lè bá wa ru òfò, ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó lè ru òfò ńlá. Òfò tó bá kan gbogbo àdúgbò lóru kan náà ni kò lè rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, mo máa padà síbẹ̀.

Nígbà tí ìjì Andrew jà ní Florida ní August 1992, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan kógbá wọlé. Ní November 2018, iná jó ìlú Paradise ní California, èèyàn 85 kú. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe adójútòfò fún àwọn ilé ibẹ̀ kò rí owó san mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ló gbà á. Ní May 2023, State Farm, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ò gba onílé tuntun mọ́ ní California. Ní March 2024, ó ní òun ò ní sọ ìwé adójútòfò bíi 72,000 dọ̀tun tó bá parí. Ọdún kan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í ya á. Wọ́n á jẹ́ kó parí, wọ́n á sì lọ.

Àwọn kan máa ń sọ níbi ìpàdé báyìí pé olè ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, torí kì í jẹ́ ká rí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ní California, òfin tí aráàlú dìbò fún ní 1988 ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó adójútòfò tó lè gòkè. Ó gba mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfò ogún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n iná tó ń bọ̀, iná ọ̀hún kò sì rí bíi ti àtijọ́ mọ́, owó tí wọ́n ń gbà kò wá tó òfò mọ́. Ìparí 2024 ni wọ́n tó yí i padà.

Alága ti ń wo aago. Àwọn adójútòfò náà ní adójútòfò tiwọn lókè òkun. Bí tiwọn bá wọ́n, tiwa á wọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo dé rèé tí ìyá kan fi dìde. Ó fa ìwé kan yọ nínú ọ̀rá: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Amẹ́ríkà ń sunkún pé wọ́n fi àwọn sílẹ̀. Èmi ń sanwó. Omi wọlé, ó fa ìlà sára ògiri pálọ̀ mi, ó ga dé ibí." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Wọ́n ní kò kan àwọn."

Mo gba ìwé náà, mo kà á síta. Iná, àrá, nǹkan tó bú gbàmù. Kò sí omi níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé iná lásán ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa: àfi kéèyàn sanwó lé e kí wọ́n tó fi omi kún un. Wọn ò kúrò lọ́dọ̀ ìyá yìí o, òfò tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni wọ́n yẹra fún.

Mo pa ìyókù ọ̀rọ̀ mi tì, mo ní: Ẹ rántí Maiduguri ní September 2024 tí ìdídò Alau ya, ẹ rántí Mokwa ní May 2025 tí omi ya wọ̀lú. Bó bá jẹ́ àwa tí a wà lójú omi nìkan là ń ra ti omi, òru ogójì ilé la ó máa bá ara wa pàdé. Kí Lugbe, Kano, Jos àti Ilorin jọ dá a ni owó náà fi lè tó, kí ìjọba sì yéé buwọ́ lùwé fún ẹni tó ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi.

Ìyá náà kò tíì jókòó. Ó ní èló ni wọn á gbà láti fi omi kún un. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti dìde sẹ́yìn rẹ̀, ìwé tiwọn náà wà lọ́wọ́ wọn.