Omi Tútù Inú Bàsíà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ìdálẹ̀. Ẹ má bínú, mo ṣèlérí pé orí kẹwàá ìtàn ìpànìyàn tí a jọ ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ la máa kà lónìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò tíì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀ ná.

Ìdájí ni. Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà. Mórẹ̀nikẹ́ jáde lọ tọ̀, ó bá Ìyá Àgbà lórí àpótí ìjókòó, bàsíà wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì Káyọ̀dé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi kó lè fi bọ́jú, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Omi náà tutù. Ó tán. Kò rí ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké. Omi ló tutù, ọmọ ọdún 16 sì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ìtàn àjùmọ̀kọ wa yìí bọ̀ ti mọ ìyókù: agboolé ẹ̀bá adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, Ráṣídì tí wọ́n bá nínú omi, Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n Mórẹ̀nikẹ́. N ò ní tún un sọ, ẹ lọ gbọ́ ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹnìkan á ní, ṣé omi tútù náà ló wá di ọ̀rọ̀? Òun gan-an ni. Alákàrà ni Ìyá Àgbà. Láti orí kejì la ti ń rí wọn tí wọ́n ń gbé omi kaná kí wọ́n tó fọṣọ, torí epo àkàrà kì í gbọ́ ti omi tútù. Wọ́n tilẹ̀ fi ìyàwó ilé kan ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀: "Ẹni tó ń fomi tútù fọṣọ, aṣọ ló ń tàn." A rẹ́rìn-ín, a ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ̀jẹ̀ ni kì í fẹ́ omi gbígbóná. Ẹ da omi gbígbóná sí i, á dì mọ́ òwú bí ẹyin ṣe ń dì nínú epo, àbàwọ́n náà á sì wà níbẹ̀ títí aṣọ á fi gbó. Omi tútù ni, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí a sì tètè fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Gbogbo obìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù ló mọ̀ ọ́n. Mórẹ̀nikẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá Àgbà ni, nígbà tó di ọmọ ọdún 12, nínú bàsíà kan náà, tí wọ́n ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ìfẹ́ ni wọ́n kọ́ ọmọ, ẹ̀kọ́ náà ló tú wọn fó.

Ó dáa, ó dáa, ẹ jẹ́ n mú ojú kúrò níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ irú ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́, ìwé tó tó ọ̀rọ̀ 60,000 sí 80,000 ni ẹ máa kọ, ẹ ò sì lè kó gbogbo àmì sí ojú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi yẹn yọjú kó tó já wa láyà. Ẹ̀ẹ̀kíní, nínú ẹ̀rín, ní orí kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, nínú ìkẹ́, ní orí karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ní orí kẹsàn-án, nínú bàsíà. Láàárín orí karùn-ún sí ìkẹsàn-án, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ìfọṣọ. Bí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án ní orí kẹjọ, òǹkàwé á ti dé ẹ̀yìnkùlé ṣáájú ọmọ náà, á máa dúró dè é, á sì máa yán. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sọ ọ́, á ní ẹ rẹ́ òun jẹ. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì dé ìdí bàsíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàlàyé! Ẹnìkan fi àpẹẹrẹ tirẹ̀ ránṣẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Nígbà náà ni ó rántí pé omi tútù ni a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀." Háà! Ọmọ mi, o ti pa á. O ti wẹ̀ ẹ́, o ti sin ín.

Mo ń gbọ́ yín. "Ìlú kékeré lo ní a ń kọ, ṣé Ìbàdàn ni ìlú kékeré?" Ẹ wò ó, Ìbàdàn tóbi, àmọ́ agboolé Ìbàdàn ò tóbi. Ohun tó ń mú ìlú kékeré ṣiṣẹ́ nínú irú ìtàn yìí kì í ṣe iye ènìyàn. Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni pé tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò tuntun wọlé, ó ku bí ẹ ṣe máa jókòó tí wọ́n á ti máa béèrè iye tẹ́ ẹ rà á. Adágún Ẹlẹ́yẹlé wà níbẹ̀ látọdún 1942 tí wọ́n ti dí odò Ọ̀nà, àwọn apẹja ń bẹ lórí rẹ̀, ilé yí i ká, gbogbo ilé ló sì lójú. Kí lẹ tún ń fẹ́?

Àwọn míì á ní Yorùbá kì í kọ irú ìtàn báyìí, pé ti òyìnbó ni. Rárá o. Ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, Làpàdé rẹ̀ sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó máa lé ọ̀daràn kiri. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì.

Ráṣídì ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sunkún lé e lórí. Ẹ dúró. Ọmọ ọdún 19, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù: jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, pátákó tí wọ́n to ihò iná sí, ìwé pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ìdajì lẹ́yìn fóònù, ìdajì lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ rò ó wò. Gbogbo agboolé ló ń kó àṣírí wọn fún un ní alaalẹ́, tí wọ́n á tún sanwó lé e. Fóònù tọ́ọ̀ṣì àwọn àgbà ò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ ń fi ọjọ́ ìbí wọn ṣe é, ta ni kò mọ ọjọ́ ìbí ta ni ní agboolé? Ó ń kà á. Ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó rí nǹkan wọn. Ó rí ọ̀rọ̀ ẹ́kísípò WAEC lórí fóònù Mórẹ̀nikẹ́, ó ní òun máa gbé e fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Owó yẹn náà ló fi ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ méjì. Ẹ tún sunkún báyìí, kí n rí irú ẹkún tó máa jẹ́.

Ìdí tí Káyọ̀dé fi lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, wọ́n jà, ó tì í, Ráṣídì fẹ̀yìn orí gbá òkúta. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó le ni omi.

Ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo ń rí, wọ́n á ju òkú sódò lálẹ́, òkú á léfòó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú máa ń kọ́kọ́ rì ni. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún afẹ́fẹ́ ìjẹrà kó tó gòkè, nínú omi ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n a ò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta, torí ìfófòó. Ẹni tó bá rì sómi láàyè, ìfófòó funfun tó kúnná máa ń wà nímú àti lẹ́nu rẹ̀. Tí ìjẹrà bá ti dé, ìfófòó náà á pòórá. Nítorí náà, ibi tí omi ò ti jìn la jẹ́ kó wà, láàárín ewéko ojú omi, kí apẹja rí i kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ìyá Àgbà rò pé òkú ni àwọn àti Káyọ̀dé ń gbé sínú bárò lọ sómi.

...

Ẹ má bínú. Mo mu omi ni.

Musulumi ni Ráṣídì, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín, dókítà kankan ò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àyẹ̀wò òkú kiri nínú ìtàn Ìbàdàn, ẹ ti pẹ́: kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, ó ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wẹ̀ ẹ́. Àlùfáà tó wẹ òkú nìkan ló rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, òun nìkan ló nu ìfófòó nímú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀sìn kọ́ ẹni tó ń wẹ òkú ni pé kó bo àṣírí tó bá rí lára rẹ̀. Àlùfáà náà ò burú. Ó kàn ń ro ó lọ́kàn pé ṣé ọgbẹ́ wà lára àṣírí.

Tó bá wá sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ má gbàgbé pé apẹja tó rí òkú ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí wọ́n bá fóònù olóògbé lápò rẹ̀. Ó mú un lóòótọ́! Olè ni, kò pààyàn. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 35: tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ilé ẹjọ́ wà ní Ìyágànkú, kò jìnnà, aago ń lọ. Ó dáa. Ibi tí àwa òǹkọ̀wé ti ń jìn sí kòtò rèé: abala kan náà ò dáàbò bo ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú bó ṣe dáàbò bo àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ pé bí wọn ò bá tètè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀, ò kàn án. Nítorí náà, bí àlùfáà bá lanu sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ á kúrò ní olè, á di ìpànìyàn, apẹja tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Òtítọ́ gan-an ló máa dè é mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rántí oríkì ìlú wa? Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Mo máa ń rò pé ẹni tó kọ́kọ́ ki oríkì yẹn, ó ti jókòó sí ilé ẹjọ́ rí ni.

Ọ̀rọ̀ tó wá ń wọlé jù lọ́sẹ̀ yìí, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará òkè òkun ni. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ba ìyá àgbà wa jẹ́ lójú àwọn ọmọ tí a bí síbí?"

Ẹ gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Irú ìyá àgbà wo ni àwọn ọmọ yẹn mọ̀? Iwájú orí kan àti fáànù òkè àjà lórí fóònù! Ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ òótọ́ ni. Ìyá àgbà tó ń ṣàdúrà, tó ń béèrè pé ṣé o ti jẹun, tó ń fi gàrí ránṣẹ́. Àwòrán kàlẹ́ńdà nìyẹn. Ọmọ ò lè fẹ́ràn àwòrán kàlẹ́ńdà dénú. Ìyá Àgbà tiwa lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀, ó ti sin bàbá Káyọ̀dé, ó tọ́ Káyọ̀dé láti ìgbà tí kò tíì hu eyín. Ní agogo méjì òru, ọmọ náà wọlé tòun ti ẹ̀jẹ̀ láyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ìyá àgbà, mo ti pààyàn." Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi jà, ẹ sọ fún mi, kí lẹ bá ṣe? Kí ẹ tó dáhùn o, ẹ rántí pé ìyá Ráṣídì, ọ̀rẹ́ wọn ni, àwìn àkàrà ló ń rà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n sin Ráṣídì, Ìyá Àgbà ò dáná. Ẹnikẹ́ni ò fura, torí ọ̀fọ̀ ọ̀dọ́ kì í ní àkàrà. Àṣà wa ló bá wọn bo ara wọn. Ẹ sì ní mo bà wọ́n jẹ́? N ò bà wọ́n jẹ́. Ká ní mo sọ wọ́n di àjẹ́, bóyá inú yín ì bá dùn, torí a ti mọ ohun tí à á fi àjẹ́ ṣe. Èyí tí a ò lè kórìíra yìí ló ń bí yín nínú. Ó ń bí èmi náà nínú.

Àwọn míì ní ọmọdé ò gbọdọ̀ ka irú èyí. Ọmọ ọdún 15 tó ń gbé nínú agboolé, kí ni ò tíì gbọ́ lẹ́yìn ògiri?

Ẹ jẹ́ n padà sídìí bàsíà, kí n tó jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Ọwọ́ ọmọ ṣì wà nínú omi. Iṣẹ́ tí mo fún yín ni kẹ́ ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ti kọ ọ̀pọ̀ ránṣẹ́. "Ìyá àgbà, kí lẹ ṣe?" Rárá. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?" Rárá, ó ti le jù, á fipá mú wọn láti purọ́, ìtàn á sì tán níbẹ̀. Kó má bi wọ́n ní nǹkan kan. Kó sọ ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lójoojúmọ́, kí Ìyá Àgbà gbójú sókè wò ó, kí àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ti mọ̀.

Èmi ti kọ tèmi. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ó nù ún mọ́ ìró, ó ní:

"Ìyá àgbà, ẹ fún ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ jẹ́ n bá yín sá a."