Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú táńkì báyódísẹ́ẹ̀lì: ẹ má tíì gbé ooru sí i

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgò yìí dáadáa. Epo ọkọ̀ ojú omi ni, B30, irú èyí tí wọ́n ń tà ní èbúté Rotterdam: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ báyódísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi epo ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe. Ẹ rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn síbẹ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjíníà ti ń ṣì í rèé: wọ́n á sáré gbé ooru sí táńkì. Ẹ dúró ná!

Epo pupa ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, á dì gbagidi nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyá mi kì í dààmú, á gbé e sóòrùn, á sì yọ́. Epo tó ti bàjẹ́ tó ń rùn ńkọ́? Bó pẹ́ lóòrùn títí di alẹ́, ṣe ló ń bàjẹ́ sí i.

Ohun méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì. Ọ̀kan, òtútù ló mú ọ̀rá dì, pàápàá nínú báyódísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ ṣe. Èyí á yọ́. Ìkejì, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá epo jà. Epo á kan, á wá di gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀. Ti epo sóyà ló tètè ń rí bẹ́ẹ̀. GỌ́Ọ̀MÙ KÌ Í YỌ́ O! Ooru ló ń mú kó yára pọ̀. Ẹ gbọ́ mi o: OORU LÓ Ń MÚ KÓ YÁRA PỌ̀!

Nítorí náà, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná. Bó bá mọ́ gaara, òtútù ni. Bí kò bá mọ́, gọ́ọ̀mù ni, tàbí kòkòrò àìfojúrí. Ibi tí omi àti epo ti pàdé ni kòkòrò yẹn ń gbé, báyódísẹ́ẹ̀lì sì ń fa omi mọ́ra ju dísẹ́ẹ̀lì lásán lọ. Ẹ MÁA FA OMI ÌSÀLẸ̀ TÁŃKÌ JÁDE, déédéé!

Páìpù bàbà àti idẹ ńkọ́? Ẹ yọ wọ́n, wọ́n ń mú kí epo tètè bàjẹ́. Oògùn tó ń dènà ọ́síjìn náà, ìgbà tí epo ṣì tuntun ni kí ẹ dà á sí i. Kò lè sọ epo tó ti bàjẹ́ di tuntun. Kí ẹ tó rà, ẹ bi olùtajà léèrè àyẹ̀wò Rancimat, èyí tó ń wọn bí epo ṣe lè pẹ́ tó nínú ooru àti afẹ́fẹ́ kó tó bàjẹ́: ìlànà EN 14214 ti Yúróòpù ní kí báyódísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ fara dà á fún wákàtí 8, ó kéré tán, ní 110°C.

Bó bá sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí epo yìí ń wọ táńkì àtijọ́, ẹ fọ táńkì ná, kí ẹ sì kó fílítà púpọ̀ sílẹ̀, torí báyódísẹ́ẹ̀lì máa ń họ ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò lára irin.