Mítà 6 Ni Òpópó Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tí À Ń Páàkì Síwájú Ilé L'Ékòó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé kan ní Surulere. A gé e kúrú díẹ̀, a sì fi ìbéèrè tó jáde láti àárín èrò sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìjà ọkọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wa lálaalẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òpópó wa fẹ̀ ní mítà 6, a sì ń lò ó bí ẹni pé mítà 10 ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ọ̀nà láti etí gọ́tà dé etí gọ́tà. Ní Surulere, Yaba, Mushin àti Ebute Metta, lọ́pọ̀ òpópó kéékèèké, mítà 6 lẹ ó bá tàbí kó dín díẹ̀. Corolla fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.8 láìka díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sienna fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà 2. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbé taya lé etí gọ́tà gan-an, á fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ kí taya má baà yọ̀ wọnú rẹ̀. Tí a bá ka àyè yẹn mọ́ fífẹ̀ ọkọ̀ àti díńgí tó yọ síta, ọkọ̀ kan gba mítà 2.2. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, mítà 4.4 ti lọ. Mítà 1.6 ló kù láàárín. Corolla fúnra rẹ̀ ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyẹn ló ń mú ká gun sílàbù tó bo gọ́tà: taya méjì lójú títì, taya méjì lórí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ lowó wa ń gbà lọ. Corolla wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,300. Taya kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 325, kí èèyàn tó wọnú ọkọ̀. Sílàbù tí onílé dà fún ẹsẹ̀ èèyàn, tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tí wọ́n fi irin mílímítà 8 sí, kò lè gbé èyí lójoojúmọ́. Àwọn bíríkìlà kan á tún gbé irin náà sókè dípò ìsàlẹ̀. Abẹ́ ni sílàbù ti ń là nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, torí náà ìsàlẹ̀ ni irin gbọ́dọ̀ wà, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 láti abẹ́ kí ìpẹtà má baà tètè mú un. Sílàbù tí ọkọ̀ máa gùn gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 12, kí àlàfo láti irin dé irin má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí taya má sì gùn ún títí ọjọ́ 28 á fi pé.

Bí sílàbù tí kò lágbára bá là, àfọ́kù rẹ̀ á já sínú gọ́tà, ọ̀rá àti ike á so mọ́ ọn, òjò oṣù kẹfà á dé, omi á wọ pálọ̀. A ó wá máa pariwo pé ìjọba ò kó gọ́tà. Ọkọ̀ wa ló dí i.

Ẹ padà síbi mítà 6 yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la páàkì sí, mítà 2.2 lọ, mítà 3.8 kù. Ẹ fọkàn sí iye yẹn. Ní Bìrìtéènì, mítà 3.7 ni àyè tí wọ́n ní kó ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ paná-paná. Ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2.5, àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ike ìdọ̀tí sì nílò àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òpópó tí PSP ò bá lè wọ̀, orí títì ńlá nìdọ̀tí ibẹ̀ máa ń jókòó sí. Èyí tí paná-paná ò bá lè wọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ojútùú ni pé kí ìjọba dín ọkọ̀ kù. A ti dán irú rẹ̀ wò l'Ékòó. Lọ́dún 1977, nígbà ìjọba ológun, wọ́n pín ọjọ́ ìrìnnà fún ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ oníméjì-méjì àti èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí làwọn tó lówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Èyí tí kò lè jáde lọ́jọ́ náà, ibo ló sùn sí? Iwájú ilé.

Àwọn ará wa tó ti London dé náà ń sọ pé ká kun ilà, ká ta ìwé páàkì fún olùgbé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán: ẹni tó sanwó ìwé náà ní Peckham ò ní àyè tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti wá àyè kiri ni wọ́n tà fún un. Ilà kì í mú mítà 6 fẹ̀ sí i. Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé òfin ti ka páàkì lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ léèwọ̀ ní London láti 1974.

Ẹ̀gbẹ́ wo la máa páàkì sí? Ẹ̀gbẹ́ tí géètì àti òpó iná ò ti pọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ má páàkì sí ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà náà, torí ẹni tó ń bọ̀ ò ní rí ẹni tó ń lọ. Ẹ fi mítà 10 sílẹ̀ ní oríta, kí ọkọ̀ gígùn lè yí. Bí géètì bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, ẹ máa ṣe é lóṣù-lóṣù: oṣù yìí ọ̀tún, oṣù tó ń bọ̀ òsì. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò kó fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́ kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ géètì wá kàn. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 15. Géètì gba mítà 3, ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí ọkọ̀ lè yí wọlé, mítà 5 nìyẹn. Mítà 10 ló kù. Ọkọ̀ kan nílò mítà 5.5 kó lè wọ àyè kó sì lè jáde. Ọkọ̀ méjì nílò 11. Nítorí mítà 1 péré, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni iwájú ilé náà gbà. Ṣùgbọ́n bí ilé méjì tó múlé ti ara wọn bá gbé géètì wọn sún mọ́ra, àwọn géètì náà pẹ̀lú àyè wọn gba mítà 8, mítà 22 á kù lórí 30, mítà 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ 4 á bọ́ síbẹ̀ géérégé, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kan náà ni, odi kan náà. Ẹni tó bá ń tún odi rẹ̀ kọ́ lọ́dún yìí, ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀yin onílé kan wà tí ẹ ti da sìmẹ́ǹtì sínú taya, tí ẹ gún irin sí i láàárín, tí ẹ gbé e síwájú ilé. Mo sọ ọ́ lójú yín: ojú títì kì í ṣe ara ìwé ilẹ̀ yín. Àyè ọkọ̀ kan lẹ gbà lọ́wọ́ àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó ń páàkì síbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ò páàkì síbẹ̀.

Wọ́n ti ń nàka sí aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ọkọ̀ àpatì tí taya rẹ̀ ti rọ̀: kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà sí ìjọba ìbílẹ̀. Mẹkáníìkì ojú òpópó: kó má gba ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì da epo dúdú sí gọ́tà. Àríyá àti ìsìn: ẹ yan ẹni méjì tí yóò dúró ní oríta. LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ l'Ékòó, ti wà láti ọdún 2000, òfin tó dá àjọ páàkì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ jẹ́ ti 2018, ìwé òfin 1999 sì fi gáréèjì ọkọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí yóò wá síwájú géètì yín ní aago 12 òru.

[Ìyá kan dìde láàárín èrò: “Ọ̀gá, ìṣirò yín dáa. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Bí a bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbo làwọn tó kù máa gbé tiwọn sí?”]

Màmá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ ká kà á. Òpópó tó gùn ní mítà 150 ní ilé 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdílé 40 nìyẹn, 80 lápapọ̀. Pẹ̀lú géètì bó ṣe wà báyìí, tí a bá yọ àyè oríta kúrò, ẹ̀gbẹ́ kan ò gbà ju ọkọ̀ 8 tàbí 9 lọ. Bí a tilẹ̀ páàkì sí ọ̀tún àti òsì, kò ní pé 20. Òpópó ò lè gbé ọkọ̀ gbogbo wa láéláé, ohunkóhun tí a bá ṣe. Inú ọgbà ló yẹ kí ọkọ̀ sùn sí.

Kí ló wá wà nínú ọgbà? Ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyè ọkọ̀ kan géérégé. Onílé tó kọ́ mẹ́ta síwájú ti lé ọkọ̀ mẹ́ta síta, àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù náà á tún gbé tiwọn wá. Lóòótọ́, àwọn ilé kan ò ní àyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, ń kó àwọn èèyàn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Surulere láti 1955, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́lé fún ò ní ọkọ̀. Àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ la fi ojú òpópó sílẹ̀ fún. Ẹni tó ní ọgbà, tó sì sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, kí ló ń bá wọn du àyè 8 yẹn sí? Ní Japan, láti 1962 ni òfin ti wà pé kí ẹni tó fẹ́ ní ọkọ̀ ní ibi tí yóò máa gbé e sí. Ó yẹ kí onílé wa náà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé: ọkọ̀ mélòó ni ọgbà yìí gbà, ta ló ni àyè wo.

[Ìyá náà tún ní: “Bí ọkọ̀ mẹ́rin bá wà nínú ọgbà, tèmi ló máa ń wà nínú pátápátá, àwọn yòókù á dí i. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde.”]

Kí ẹni tó ń tètè jáde máa wọlé kẹ́yìn, tàbí kí ẹni tó dí i fi ọkọ̀ rẹ̀ sí fíríì kí ẹ lè tì í. Ọkọ̀ alájíà rọrùn. Èyí tó jẹ́ ọ̀tọmátíìkì, lọ́pọ̀ Toyota, ẹ fi í sí P, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ jíà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ SHIFT LOCK sí. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fa jíà sí N. Ẹ fi òkúta há taya níwájú àti lẹ́yìn kí ẹ tó tú bíréèkì. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ni o. Níbi tí ọgbà bá ti dà gẹ̀rẹ́, ẹ má dán an wò, ọkọ̀ á lọ bá ògiri tàbí ọmọdé. Ọkọ̀ tuntun tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì, ọgbọ́n yìí ò ní ràn án. Kí ẹni tó ni ín fi kọ́kọ́rọ́ kejì síbi tí gbogbo ilé mọ̀, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí iwájú gíláàsì, kó má sì pa fóònù náà lóru.