Nọ́ńbà tó já Fermat kulẹ̀

Ẹ wò ó lójú ẹ̀rọ yín: 4,294,967,297. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, tí ẹ ò sì ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́, ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀?

Ibi tó ti wá rèé. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 1 kún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n márùn-ún tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, àmọ́ 2 kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún ni tiwọn, ìlọ́po méjì ni nígbà kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Práìmù ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé kò sóhun tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn.

Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i bẹ́ẹ̀ ní 1640, ó sì gbà pé práìmù ni gbogbo ìdílé náà á máa jẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun ò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣáà balẹ̀.

Ní 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, sọ pé irọ́ ni: 641 pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù.

Báwo lèèyàn ṣe ń débi 641? Ká máa fi 2 pín in, ká fi 3, ká fi 5, ká fi 7, ìwé á kún, báírò á gbẹ. Euler fi ẹ̀rí hàn lẹ́yìn náà pé práìmù yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà wa yìí, bí a bá fi 64 pín práìmù ọ̀hún, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Gbólóhùn kan yẹn ló gbá èyí tó pọ̀ jù dànù. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á: 65? 5 pín in, ó jáde. 129? 3 pín in, ó jáde. 193, práìmù ni, ẹ dán an wò: 109 ṣẹ́ kù. 257: 2 ṣẹ́ kù. (Kò yani lẹ́nu o. Nínú ìdílé yìí, bí ẹ bá fi ẹ̀gbọ́n pín àbúrò, 2 ló máa ń ṣẹ́ kù ṣáá.) 321 àti 385 jáde. 449: 325 ṣẹ́ kù. 513 jáde. 577: 288 ṣẹ́ kù. 641: òdo!

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré la pín nǹkan. Èsì rẹ̀ ni 6,700,417, práìmù lòun náà.

Àbúrò tó tẹ̀ lé e ńkọ́? 18,446,744,073,709,551,617. Òun náà ò yege: 274,177 pín in. Láti orí 65,537, ẹnikẹ́ni ò tíì rí práìmù mìíràn nínú ìdílé náà.