Òòrẹ̀ Òkun: Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́, Ẹ Wo Ohun Tí Òun Náà Jẹ

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí kò tóbi ju ọsàn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún ẹ̀gún. Kò lójú, kò nírù, ẹ ò sì lè sọ pé ibí ni iwájú rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: àwọn ẹ̀gún yẹn ń yí díẹ̀díẹ̀, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó wà láàyè.

Sea urchin ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi máa pè é ní òòrẹ̀ òkun, torí pé àwọn ará Ítálì àti Sípéènì náà, orúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún orí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ìbátan ìràwọ̀ òkun (starfish) ni. Oríṣi rẹ̀ tó wà láyé tó nǹkan bí 950, díẹ̀ nínú wọn ló sì ṣeé jẹ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kó o, wọ́n pọ̀ níbi tí mo ti rí wọn bí èèrà. Orí àpáta lásán ni, kò sí koríko kankan, àwọn nìkan ló tò lọ rẹrẹẹrẹ. Inú mi dùn, mo kó wọn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo délé, mo la àkọ́kọ́: òfìfo. Mo la èkejì: omi àti ìfun tín-ín-rín. Mo la ogún, ohun tí mo rí nínú gbogbo wọn kò kún ṣíbí kan. Ogún ẹ̀dá ni mo pa lásán lọ́jọ́ náà, ó sì ń dùn mí di báyìí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìkarahun kì í rù. Èyí tó yó àti èyí tébi ń pa, bákan náà ni wọ́n rí lóde. Koríko tó wà láyìíká wọn ló ń sọ ohun tó wà nínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun tí à ń jẹ nínú rẹ̀ ni ahọ́n márùn-ún tó pọ́n bí ìyeyè. Bó ṣe rí la fi ń pè é ní ahọ́n. Ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ ni ní tòótọ́, ibi tí abo ń kó ẹyin sí, tí akọ ń kó àtọ̀ sí. Takọ tabo la ń jẹ. Ibẹ̀ náà ni òòrẹ̀ òkun ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sí, bí ràkúnmí ṣe ń kó ọ̀rá sí iké. Bó bá rí koríko òkun jẹ yó, ahọ́n á sanra. Bí kò bá rí, á máa fa ohun tó tọ́jú yẹn lò, ahọ́n á sì máa rù títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Kò ní kú o. Òmíràn lè fi ebi gbé ọdún mélòó kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Láti 2013 ni àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ìràwọ̀ òkun ní etíkun náà, títí kan ìràwọ̀ ńlá ọlọ́wọ́ púpọ̀ tó máa ń jẹ òòrẹ̀ òkun. Láàárín 2014 sí 2016, omi tún gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Kelp, ìyẹn koríko gígùn tó ń hù láti ìsàlẹ̀ òkun dé ojú omi bí igbó, kò rójú dàgbà. Àwọn òòrẹ̀ òkun aláwọ̀ àlùkò wá jáde níhò àpáta, wọ́n jẹ èyí tó kù. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún igbó náà tó pòórá. Àwọn òòrẹ̀ yẹn wá tẹ́ kalẹ̀ sórí àpáta ìhòòhò bí ẹní, ẹ̀gún wọn le, ìkarahun wọn ń dán, òfìfo ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní Puglia, ní gúúsù Ítálì, òdìkejì rẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lómi, ìjọba agbègbè náà sì ṣòfin ní 2023 pé kí wọ́n má kó o fún ọdún mẹ́ta. Torí náà, òfin ibi tí ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé ẹ nílò ìwé àṣẹ, mélòó lẹ lè kó lóòjọ́, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, oṣù wo ni kò gbọ́dọ̀ jáde nínú omi? Ẹ béèrè nípa omi náà pẹ̀lú. Ibi tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí, tàbí ibi tí wọ́n ti kéde pé májèlé wà nínú omi, ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Májèlé òkun mìíràn wà tí iná kò lè pa.

Ẹ wo àkókò tí òkun máa fà jù lọ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ bíi wákàtí kan ṣáájú. Bí omi ṣe ń lọ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e. Bó bá ti yíjú padà, ilé ló kàn. Ẹ má dá lọ. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sókun. Bàtà tí kò ní yọ̀ àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn kì í ṣe fáàrí níbí.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wá òòrẹ̀ òkun. Koríko ni kẹ́ ẹ wá. Ibi tó bá ti ṣú, tí ewé rẹ̀ ń fì nínú omi, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo inú kòtò àpáta tí ewé já sí. Wọn ò ní pọ̀ níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí tó fi ewé kan bora, tó dì í mú bí ẹni ń dáàbò bo oúnjẹ rẹ̀, òun gan-an ni.

Ẹ wo bí mo ṣe ń mú un. Láàárín ẹ̀gún rẹ̀, ó ní àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ẹnu kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú, ó ti lẹ̀ mọ́ àpáta pinpin. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ ki ọ̀bẹ tí kò mú bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e. Ẹ la ẹyọ kan ṣoṣo lójú ibẹ̀. Bí ahọ́n rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má mú ìkejì, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ kìíní ni!

Ẹ fi àwọn kéékèèké sílẹ̀, ẹ sì fi àwọn àgbà díẹ̀ sílẹ̀. Òòrẹ̀ òkun pupa tó wà ní etíkun Pàsífíìkì ti Amẹ́ríkà máa ń lò ju 100 ọdún lọ nígbà míì, abẹ́ ẹ̀gún irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé wọn ń sá sí.

Nínú àwọn òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, oríṣi kan wà tí ara rẹ̀ rí bí òdòdó wẹ́wẹ́. Ó rẹwà, olóró ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn tí ẹ̀gún wọn dúdú tó sì gùn bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ náà máa ń gúnni, tí á sì kán sínú ẹran ara. Bí ẹ̀gún bá gún yín, ẹ ki ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kó tó ìṣẹ́jú 30 sí 90, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ èyí tó bá ṣeé yọ. Tó bá jẹ́ ní oríkèé ara ni, ẹ lọ rí dókítà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká là á. Mo dojú ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹ rí eyín funfun márùn-ún tó pàdé láàárín yìí? Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, fi í wé àtùpà ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, àtùpà Aristotle ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Mo ki ẹnu àlùmágàjí bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn, mo gé e yí ká bí ẹni ń ṣí ìdérí agolo. Mo yọ àtùpà náà. Mo da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ wo wóró wóró dúdú yìí: koríko tó jẹ ni. Ẹni tébi ń pa kì í ní tó báyìí. Mo gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ sì wá wo abẹ́ rẹ̀. Ahọ́n márùn-ún, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìkarahun yí ká bí ìràwọ̀.

Ṣíbí kékeré ni mo fi ń gbé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi omi lásán fọ̀ ọ́, á wú, á sì yọ́ dànù. Ẹ po gíráàmù 30 iyọ̀ mọ́ lítà omi tútù kan, kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ìdọ̀tí tó kù lè bọ́. Èyí tó pọ́n, tó sì dúró gírí ló dùn jù. Èyí tó ń sun omi bíi wàrà ti fẹ́ bímọ; ó máa ń korò nígbà míì, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ bá ti wó, tí kò mì mọ́, tàbí tó ń rùn, ẹ má jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ ẹ́ ní tútù. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí wọ́n má jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é, iná líle ni ọ̀tá rẹ̀: á sún kì, á rí bí iyanrìn lẹ́nu, á sì korò.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo fi ìdajì ahọ́n náà gún pọ̀ mọ́ bọ́tà tó ti rọ̀. Mo yan aáyù wẹ́wẹ́ nínú òróró lórí iná tó rẹlẹ̀, kó kàn rọ̀ ni, kó má pọ́n. Mo da sìpàgẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná sí i pẹ̀lú díẹ̀ nínú omi tí mo fi sè é. Mo pa iná. Ìgbà yẹn ni mo tó fi bọ́tà náà sí i, mo sì rò ó kíákíá títí omi yẹn fi di ọbẹ̀ tó ki, tó pọ́n bí ìyeyè. Ooru inú ìkòkò ti tó o. Iyọ̀ kò pọn dandan, òkun ti fi sí i.

Mo to ìdajì ahọ́n tó kù lé e lórí bó ṣe wà, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ní ẹ̀kán méjì. Méjìlá ni mo kó lónìí, mọ́kànlá nínú wọn ló kún. Ẹ tètè jẹ ẹ́ o, kì í dúró deni.