Igi Ìrìn, Igi Ìpànìyàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ẹjọ́ àtijọ́ náà ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ fara dà á. Tí èèyàn bá gbé ìbọn wọlé nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbogbo wa la máa fura. Ọ̀bẹ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó fi ń rìn ńkọ́, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹ? Wọ́n á ní o gba ẹsẹ̀ lára ẹlẹ́sẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun ìjà tó fara pamọ́ jù lọ lèyí tó wà níta gbangba.

Ẹ wo Jonathan Small, ọ̀daràn inú The Sign of Four, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Sherlock Holmes tí Conan Doyle gbé jáde ní 1890. Ṣé ẹ rántí pé ọ̀nì ló gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ lódò Ganges, kó tó wá di ẹlẹ́wọ̀n ní erékùṣù Andaman. Lálẹ́ tó fẹ́ sá, wọ́dà kan tó jẹ́ ẹ̀yà Pathan, tí kì í yéé fìtínà ẹ, ló dúró sójú ọ̀nà. Small wá òkúta nílẹ̀, kò rí. Ló bá rọra jókòó sínú òkùnkùn, ó tú ẹsẹ̀ igi ẹ, ó fi ẹsẹ̀ kan yòókù fò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́dà ti gbé ìbọn sí èjìká ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, gbàù!, agbárí ti wọlé. Òun àti òkú jọ ṣubú ni. Igi yẹn sán, ó sì ń fi ojú ibi tó ti sán han Holmes nígbà tó ń rojọ́.

Àwọn kan máa ń bá mi jà pé fáàrí àwọn jẹ́ńtùmáànù ìlú London lásán ni ọ̀pá inú ìtàn wọ̀nyí. Fáàrí wo? Nínú Silver Blaze, ìtàn Holmes mìíràn, ní 1892, ọ̀pá ìtilẹ̀ Fitzroy Simpson ní òjé nínú, kóńdó pọ́ńbélé, ó sì wà lára ẹ̀rí tí ọlọ́pàá kà sí i lọ́rùn nígbà tí wọ́n mú un pé ó pànìyàn. (Ẹṣin ló pa olóògbé. Ẹ má bínú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, mi ò ba ìtàn jẹ́ fún ẹnikẹ́ni.) Nínú ìtàn Dr Jekyll, dókítà tó ń para dà di ìkà èèyàn tó ń jẹ́ Hyde, ní 1886, Hyde lu àgbàlagbà kan pa, ọ̀pá dá sí méjì, ìlàjì ẹ̀ wà nínú gọ́tà, ìlàjì yẹn náà ni Utterson, lọ́yà Jekyll, rí tó fi mọ̀ pé ọ̀pá tóun fi ta Jekyll lọ́rẹ ni.

Wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi pé táìmù ti lọ. Nínú Treasure Island, Long John Silver ẹlẹ́sẹ̀ kan ju kírọ́ọ̀ṣì mọ́ atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Tom lẹ́yìn, 1883, mo mọ̀ pé ìtàn olè ojú omi nìyẹn, ẹ jẹ́ kó kọjá. Moran, ọ̀tá Holmes, gbé ìbọn afẹ́fẹ́ tó dà bí ọ̀pá, 1903. Ó tán.

Àǹtí kan tó fi kírọ́ọ̀ṣì méjì wọlé wá nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní Small àti wọ́dà jọ ṣubú. Kí ló wá fi dìde?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mi ò ṣàwàdà o. Tí tèmi bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n tó lè sá, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá a. Ẹni tó fi òkúta pànìyàn á ju òkúta nù. Eléyìí ò lè ju tiẹ̀ nù.”

Ẹnu mi wọhò. Doyle kàn kọ ọ́ pé ó dìde ni, kò sọ bó ṣe dìde. Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo ìfarapamọ́ látàárọ̀, ibi tọ́rọ̀ wà kọ́ nìyẹn. Hyde tó lẹ́sẹ̀ méjì pípé lè fi ìlàjì igi sílẹ̀ nínú gọ́tà kó máa lọ. Small ní láti tẹ̀ síwá sẹ́yìn nínú òkùnkùn, kó wá ohun tó fi pànìyàn, kó sì so ó padà mọ́ra. Ìgbà tí wọ́n mú un wọ ilé Holmes ní Baker Street tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ yẹn náà ló gbé e wọlé.